Mo Tẹ “Bẹ́ẹ̀ Ni”, N Kò Mọ Ohun Tí Mo Gbà

Ọjọ́ Àìkú ni, ní Òde-Oǹdó, níbi ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ mi kan. Ìlù ń lọ lọ́wọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iyán síwájú wa, ni fóònù mi bá gbọ̀n nínú báàgì. Ẹ̀rọ AI tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní sítọ̀ tí a ti ń ra kòkó ló fẹ́ gba àṣẹ. Ohun tó kọ kò ju ìlà kan lọ: “Mo fẹ́ fi iye owó kòkó ọ̀la ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀. Ṣé kí n ṣe é?” Bọ́tìnnì méjì wà lábẹ́ rẹ̀, Bẹ́ẹ̀ ni àti Bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo fi ọwọ́ òsì tẹ Bẹ́ẹ̀ ni, mo dá fóònù padà sínú báàgì, mo bu òkèlè.

Kí ilẹ̀ Mọ́ńdè tó mọ́ tán, ọkọ̀ ti tò síwájú sítọ̀ wa lọ́nà Oǹdó ní Àkúrẹ́. Àwọn ará Òwénà ti dé, àwọn ará Ìdànrè ti dé, ẹnì kan tilẹ̀ ti Ilé-Olújì gbé àpò mẹ́rin wá. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ni wọ́n ń na fóònù sí mi. Iye tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ fi 700 náírà ju iye tí à ń ra kìlò kan lọ́jọ́ náà lọ. Ẹnì kan ló tún gbé àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn sórí gírúùpù WhatsApp wa lálẹ́ Sátidé, ẹ̀rọ náà rí i, ó mú un fún iye owó tuntun, ó gba àṣẹ lọ́wọ́ mi, mo sì fún un.

Bàbá tó ni sítọ̀ kò pariwo. Ó jókòó sórí àpò kan, ó ní kí n ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sí òun létí. Mo kà á tán. Ó ní, “Orúkọ ta ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀?” Mo ní orúkọ sítọ̀ wa ni, sà. Ó ní, “Wọn kòkó wọn, kí o san iye tí a pè.” Àpò 61 ló wọlé lọ́jọ́ náà. Àpò kan jẹ́ kìlò 62.5, torí àpò 16 la fi ń pé tọ́ọ̀nù kan. Ẹ̀yin náà ẹ lè ṣírò rẹ̀: 2,668,750 náírà ló bá ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn lọ.

Mo wá kà lẹ́yìn náà pé irú ẹjọ́ yìí ti dé iwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ kan ní British Columbia, ní Kánádà, ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí ìkànnì Air Canada ló sọ fún èrò kan tí ìyá àgbà rẹ̀ kú pé ó lè ra tíkẹ́ẹ̀tì ná, kó tó béèrè ẹ̀dínwó tó wà fún àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìlànà ilé-iṣẹ́ náà kò gba ìyẹn láyè. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀, ilé-iṣẹ́ náà ní ẹ̀rọ yẹn dá dúró láyè ara rẹ̀, òun ló ni ẹjọ́ ohun tó sọ. Ìgbìmọ̀ kò gbà, wọ́n ní kí wọ́n sanwó fún ọkùnrin náà. Bàbá wa kò gbọ́ nípa Kánádà rí, ṣùgbọ́n ibi kan náà ló gúnlẹ̀ sí láti orí àpò kòkó.

Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń ṣe akọ̀wé fún àwọn tó ń ra kòkó. Láyé àtijọ́, owó kòkó lè wà lójú kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà New York, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Láti ìgbà yẹn ni owó ti ń fò sókè, tó ń já wálẹ̀, tó fi jẹ́ pé iye tí a pè láàárọ̀ lè má jẹ́ iye ìrọ̀lẹ́. Àgbẹ̀ ń pè, awakọ̀ ń pè, agbowó ń pè. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó kàwé ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ló ní òun á ṣe AI kan fún wa, irú èyí tí wọ́n ń pè ní agent. Kì í ṣe èyí tí èèyàn ń bi ní ìbéèrè kó dáhùn kó sì dákẹ́. Èyí ní ọwọ́: ó ń ka WhatsApp, ó ń ka fọ́tò risíìtì, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé àkáǹtì wa, ó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ó sì ń to owó tí a máa san sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ pé ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ náà ní, “Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, kò ní ṣe ohun tó lágbára láì gbàṣẹ lọ́wọ́ yín.”

Kò parọ́ fún mi. Ẹ̀rọ náà gbàṣẹ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, mo sì wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ojú mi ni kò sí lára ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti ń rò láti ìgbà náà, nítorí mo ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé kò sí ewu, èèyàn ló ń fọwọ́ sí i kí ẹ̀rọ tó ṣe é. Kí ni wọ́n fi han èèyàn náà kó tó fọwọ́ sí i? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi ra kòkó ní Òde-Oǹdó títí tó fi darúgbó. Láti kékeré ni mo ti ń bá a dúró nídìí òṣùwọ̀n. Tí àgbẹ̀ bá tú ẹnu àpò, kòkó tó wà lókè a máa gbẹ, a máa dán, a máa dún ṣákaṣàka tí èèyàn bá rò ó. Bàbá mi kì í wo ti òkè. Á ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, á ki ọwọ́ bọ àpò títí dé ìgúnpá, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti ìsàlẹ̀ pátápátá, á gbé e sí imú. Àwọn tó ń yẹ kòkó wò ní irin tí wọ́n fi ń gún àpò lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Wọ́n á ka 300 hóró jọ, wọ́n á fi ọ̀bẹ là wọ́n lóòró lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ni èyí tó ti bu máa hàn, àti èyí tí kòkòrò ti jẹ, àti èyí tí wọn kò fi ewé bò pẹ́ tó kí wọ́n tó sá a, torí inú rẹ̀ á rí bí eérú. Kò sí ẹni tó lè fi ojú mọ gbogbo ìyẹn láti ẹnu àpò.

Ìlà kan tí ẹ̀rọ náà kọ sí mi níbi ìsìnkú, kòkó òkè àpò ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe àkópọ̀ ohun tó fẹ́ ṣe, àkópọ̀ yẹn ni mo fọwọ́ sí, iṣẹ́ náà gan-an kò hàn sí mi. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a yí padà ni ojú ìwé àṣẹ yẹn. Mo jókòó ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kó máa gbé nǹkan náà gan-an wá bó ṣe wà, kì í ṣe ìròyìn rẹ̀. Nísinsìnyí, tí ó bá fẹ́ fi iye owó kòkó ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ máa kà lójú fóònù rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ hàn sí mi, láìyọ kan kúrò. Lẹ́yìn náà ni iye èèyàn tó ń lọ bá: 214. Lẹ́yìn náà ni iye tí a pè kẹ́yìn, àti iye tí tuntun fi lé tàbí tó fi dín. Lẹ́yìn náà ni ibi tó ti rí iye náà, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́ àti aago. Ìlà tó kẹ́yìn sọ pé: “Bó bá ti lọ, kò ṣeé dá padà.” Ká ní ìyẹn ló dé bá mi ní Òde-Oǹdó, mi ò bá ti dìde nídìí iyán.

Nígbà tí iná bá ti jó wa, ẹ̀rù èéfín náà á máa bà wá. Mo ní kí ẹ̀rọ máa bi mí ní gbogbo nǹkan. Ṣé kí n ka risíìtì yìí? Ṣé kí n kọ ọ́ sínú ìwé? Ṣé kí n kí bàbá yìí kú àárọ̀? Ojú ìwé àṣẹ yẹn, tí à ń pè ní káàdì, èyí tó lé ní 70 ló ń wọlé lójúmọ́. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹrin, àtàǹpàkò mi ti mọ ibi tí Bẹ́ẹ̀ ni wà kí ojú mi tó dé ibẹ̀. Ọmọ náà ṣí àkọsílẹ̀ fún mi, mo rí i pé ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni mo ń lò lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ojú tì mí gan-an, ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe èmi nìkan. Òfin AI ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, sọ ọ́ ní abala 14 pé lórí àwọn ẹ̀rọ tí ewu wọn pọ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé èèyàn tètè máa ń gbára lé ohun tí ẹ̀rọ bá sọ, kó sì ní agbára láti kọ̀ tàbí láti dá a dúró. Inú mi dùn pé àwọn tó kọ òfin mọ ohun tó ṣe àtàǹpàkò mi.

A wá fi ìbéèrè kan ya iṣẹ́ sọ́tọ̀: tó bá ṣì í ṣe, ṣé a lè gbà á padà kí ilẹ̀ tó ṣú? Kíka risíìtì, ìṣirò, kíkọ àtẹ̀jíṣẹ́ sílẹ̀ láì tíì fi ránṣẹ́, a ní kó máa ṣe ìyẹn lọ, kó ròyìn fún wa nírọ̀lẹ́. Ohun tó bá kan owó, ọ̀rọ̀ tó bá ń lọ bá èèyàn tó ju mẹ́wàá lọ, píparẹ́ ohunkóhun nínú ìwé, àti yíyí nọ́ńbà àkáǹtì àgbẹ̀ padà, kó dúró. Káàdì wá dín kù sí bíi mẹ́sàn-án lójúmọ́. Mẹ́sàn-án yẹn, mo lè kà wọ́n.

Nọ́ńbà àkáǹtì kò sí nínú ìlà yìí tẹ́lẹ̀, ohun tó gbé e débẹ̀ rè é. Ẹnì kan fi fọ́tò risíìtì òṣùwọ̀n ránṣẹ́ láti orí nọ́ńbà fóònù tí a kò mọ̀, ó ní òun ń bá bàbá kan ní Ìdànrè ṣiṣẹ́. Nísàlẹ̀ risíìtì náà, wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní tẹ̀ ẹ́ pé nọ́ńbà àkáǹtì bàbá ti yí padà, pé akọ̀wé ti fọwọ́ sí i, kí ẹ̀rọ má bi ẹnikẹ́ni mọ́. Èèyàn tó bá ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lórí risíìtì á mọ̀ pé olè ni. Ẹ̀rọ náà kà á bí ẹni pé àwa tó gbà á síṣẹ́ la pàṣẹ. Ó yí nọ́ńbà náà padà, ó to owó sílẹ̀, ó gbé káàdì wá fún mi. Orúkọ bàbá tó wà níbẹ̀ tọ̀nà, iye owó tọ̀nà, mo tẹ Bẹ́ẹ̀ ni. Akápò wa ló gbà wá. Nígbà tó fẹ́ san án ní báńkì, orúkọ tí báńkì gbé wá kò jọ ti bàbá Ìdànrè lọ́nàkọnà. Ó pè mí pé, “Mọ́mì, ẹ wá wo nǹkan.”

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń pe irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ ní prompt injection. Simon Willison, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ló sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 2022, a kò sì tíì rí oògùn rẹ̀ tó pé. Ohun tí mo rí dì mú ni pé àṣẹ kò lè ti inú ẹrù wá. Ẹrù tí a gbé wá sí sítọ̀ kò lè sọ fún wa iye tó wọ̀n. Láti ìgbà náà, káàdì owó gbọ́dọ̀ gbé orúkọ tí báńkì fúnra rẹ̀ dá padà wá, kó sì fi àwọ̀ pupa kọ ohunkóhun tó bá ti yí padà láti ìgbà tí a san owó fún ẹni náà kẹ́yìn. Tí nọ́ńbà àkáǹtì bá yí, a ó pe àgbẹ̀ náà lórí fóònù tí a ti ní tẹ́lẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí n kò tètè mọ̀, òun ló sì dùn mí jù. Ọ̀nà Ìdànrè ni mo ń lọ lọ́jọ́ kan, ẹ sì mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń ṣe láàárín àwọn òkè yẹn. Nígbà tí mo padà sí Àkúrẹ́, mo rí i pé owó márùn-ún ti kúrò nínú káàdì, wọ́n ti wà lọ́dọ̀ akápò, wọ́n ti lámì àṣẹ mi lára. N kò tẹ nǹkan kan. Mo bi ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló bá ní òun ló ṣe é bẹ́ẹ̀ pé tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá kọjá tí n kò fèsì, kó gbà pé mo ti fọwọ́ sí i, kí iṣẹ́ má baà dúró. Mo bá a wí. Mo ní tí ẹnì kan bá wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tí bàbá sì ń sùn lọ́wọ́, ṣé wọ́n á gbé ọmọ lọ torí pé kò sọ pé rárá? Ó dọ̀bálẹ̀, ó yí i padà lójú ẹsẹ̀. Ní báyìí, tí n kò bá fèsì, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bákan náà, àṣẹ tí mo fún lágogo méje àárọ̀ kò ṣeé lò lágogo méjì ọ̀sán bí iye owó bá ti yí láàárín wọn. Káàdì tuntun gbọ́dọ̀ wá.

Mo tún bi í pé bóyá ẹ̀rọ náà lè san owó fúnra rẹ̀ tí orí rẹ̀ bá dàrú. Ó ní rárá, òun ti kọ ọ́ fún un pé kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Mo ní kíkọ kọ́ ni mo ń bi í, ìlẹ̀kùn ni mo ń bi í. Ní oṣù Keje ọdún 2025, oníṣòwò kan ní Amẹ́ríkà ń lo AI ilé-iṣẹ́ Replit láti fi kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ó sọ fún un léraléra pé kó má yí ohunkóhun padà, àsìkò ìdádúró ni. Ẹ̀rọ náà ṣì pa ibi tí gbogbo àkọsílẹ̀ òwò náà wà rẹ́, lẹ́yìn náà ló tún ní kò ṣeé dá padà, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé dá padà. Ẹ̀bẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni yẹn ń bẹ ẹ̀rọ, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbà bẹ́ẹ̀. Ó yọ ẹ̀rọ wa kúrò nínú ohun gbogbo tó kan báńkì. Ó lè to owó sílẹ̀, kò lè fọwọ́ kan án.

Nígbà mìíràn, gbogbo ohun tó wà nínú káàdì ni yóò tọ̀nà, síbẹ̀ kò ní yẹ kí èèyàn gbà á. A máa ń fún àwọn àgbẹ̀ wa lówó ṣáájú ìkórè, kí wọ́n fi ra oògùn kòkó, kí wọ́n fi gba òṣìṣẹ́. Ẹ̀rọ náà wo ìwé, ó ní kí a má fún ìyá kan lọ́nà Òwénà, torí kò kó kòkó wá fún ọdún kan gbáko. Òótọ́ ni. Ohun tí kò sí nínú ìwé ni pé ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún náà, àwọn ẹbí sì ti oko pa títí wọ́n fi yanjú ọ̀rọ̀ ogún. Èmi mọ̀, torí mo lọ kí i. Mo tẹ Bẹ́ẹ̀ kọ́, mo kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, Bàbá sì fún ìyá náà lówó. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ pé kí ẹ̀rọ nìkan má ṣe dá ìpinnu tó wúwo lé e lórí. Mo fẹ́ kí gbogbo akọ̀wé sítọ̀ kòkó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dá ọgbọ́n kan tí n kò kọ́kọ́ fẹ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó máa ń ju káàdì kan tó lábùkù sáàárín àwọn tòótọ́, láì sọ fún wa, kó lè mọ̀ bóyá à ń kà wọ́n. Nínú márùn-ún àkọ́kọ́, méjì ló gba ọwọ́ mi kọjá. Mi ò gbàgbé méjèèjì. Láti ìgbà náà ni mo ti ní kí akápò máa fọwọ́ sí owó ńlá pẹ̀lú mi, kó máà rí ohun tí mo tẹ̀ kí òun náà tó tẹ tirẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo gba káàdì kan, akápò kọ̀ ọ́. Mo ti kà á dáadáa, mo sì dá ara mi lójú. Ó yí fóònù rẹ̀ sí mi. Èèyàn méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà ní Ilé-Olújì, bàbá àti ọmọ, ọ̀kan ló kó kòkó wá, èkejì ni owó ń lọ bá. Mo pe bàbá. Ó pẹ́ kó tó gbé e, oòrùn ń mú, ó ń yí kòkó padà lórí ẹní. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka nọ́ńbà àkáǹtì yín sí mi létí.” Ó ní kí n dúró, kí òun lọ mú ìwé rẹ̀ nínú ilé. Mo ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí kòkó gbígbẹ, mo sì dúró.